Ìdọ̀bálẹ̀ Kóòṣì Wa

Bí mo bá rí agbádá funfun, kóòṣì tó kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù ní Houston lọ́dún 1986 ni mo máa ń rántí. Bí rẹfirí bá lé ẹnikẹ́ni nínú wa jáde, agbádá yẹn ni wọ́n máa wọ̀ lọ bá ìgbìmọ̀ líìgì ní Westchase. Wọn ò ní rojọ́ rárá. Wọ́n á kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn òyìnbó á dààmú, wọ́n á sì dín ìyà kù kí bàbá lè dìde.

Nígbà tó kàn mí, géèmù mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ ní kí n fi jókòó, àṣekágbá sì ti dé tán.

Kóòṣì ní, “Fọkàn balẹ̀. Ta ló lè wo àgbàlagbà nílẹ̀ kó má ṣàánú?”

Alága tuntun la bá níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kí kóòṣì tó ká agbádá sókè, ó ti dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn: “Ẹ káàsán, sà.”

Kí ni kóòṣì ìbá ṣe? Wọ́n wúre fún un.

Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. “Àmín, sà. Géèmù mẹ́rin náà ni.”