Ìyá Onígbàǹjo ní Ihò Kejìdínlógún

Ìyá Onígbàǹjo ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ ti ń lu ẹrù ní gbàǹjo ni wọ́n bí i sí, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta sì ni lọ́jọ́ tí ó fẹ́ lu ìdíje gọ́ọ̀fù ní gbàǹjo lójú gbogbo èrò.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí òun fúnra rẹ̀ sọ ní Aríhò, ti dé ihò kejìdínlógún, èyí tí eré parí sí. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ihò náà lọ. Bí ó bá ti gbá a wọlé, ife-ẹ̀yẹ di tirẹ̀. Gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Ọkùnrin onífìlà funfun tí ń tọ́jú èrò na pátákó sókè, èyí tí wọ́n kọ “Ẹ DÁKẸ́” sí.

Ẹ̀gbẹ́ okùn tó dá èrò dúró ni Ìyá Onígbàǹjo wà, ó sì ti lé lógún ọdún tí ó ti ń lu ẹrù. Ojú rẹ̀ kò lè rí ọwọ́ tó nà sókè kí ẹnu rẹ̀ má dáhùn.

“Bàbá onífìlà funfun, mo rí yín! Ta ni yóò fi kún un? Lẹ́ẹ̀kan! Lẹ́ẹ̀mejì!”

Aríhò ta gìrì. Bọ́ọ̀lù kọjá ihò, ó kọjá àsíá, ó lọ jókòó sínú yanrìn. Láàárín èrò, ọkùnrin kan ti na ọwọ́ sókè láti fi kún un.

Ìgbìmọ̀ pápá ránṣẹ́ pè é. Akọ̀wé ka ìdájọ́: kò gbọdọ̀ sún mọ́ ihò kankan ní igba ìṣísẹ̀.

“Igba kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún.”

“Màmá, ìdájọ́ ni, kì í ṣe ọjà.”

“Àádọ́jọ ńkọ́? Ẹ wo ojú mi.”

Nígbà tí ó fi máa jáde, ó ti di ọgọ́sàn-án, akọ̀wé sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gọ́ọ̀fù kì í ṣe eré ìdílé wọn. Ẹrù olóògbé kan ni ó ń lù nígbà tí ó kan àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù kan. Ó polówó rẹ̀ títí, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Àánú àpò náà ṣe é, ó gbé e lọ sílé. Aríhò, ọmọ ọdún méje, yọ ọ̀pá kan, ó gbá bọ́ọ̀lù la ọ̀ọ̀dẹ̀ já, ó wọ inú ife tíì tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ àga. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìdíje gọ́ọ̀fù tí ìyá rẹ̀ fojú fò lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá tàsé, yóò bá a wí bí ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá.

Lẹ́yìn ìdájọ́, ó pinnu láti kọ́ bí a ti ń pa ẹnu mọ́. Bí Aríhò bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀ọ̀dẹ̀, yóò bu omi kún ẹnu. Bí bọ́ọ̀lù bá ti wọlé, omi á tú jáde. Kí oṣù kejì tó pé, gbogbo ọ̀dà ògiri ti bó.

Nígbà tí èyí kò ṣe é ṣe, ó wá òrùlé pẹrẹsẹ kan tó jìnnà sí pápá ní ọgọ́sàn-án ìṣísẹ̀ géérégé, lórí ilé oníṣègùn eyín. Ó gùn ún tòun ti awò tí í fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ ojú.

“Má yà! Má yà, mo ní! Wọlé!”

Oníṣègùn eyín sáré gun àtẹ̀gùn wá. “Màmá, ẹ ṣàánú mi! Igbe yín mú kí ọwọ́ mi yẹ̀. Eyín tí kò dun aláìsàn ni mo yọ!”

“Pẹ̀lẹ́, dókítà. Ṣùgbọ́n ọjà tí a bá ti lù, a kì í dá a padà.”

Ìhà ìsàlẹ̀ pápá ni Aríhò ti ń gbọ́ igbe náà, tín-ín-rín bí ohùn ẹyẹ, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Ihò kejìdínlógún nìkan ni igi ńlá kan dí mọ́ òrùlé. Níbẹ̀, kò ní í gbọ́ nǹkan kan. Níbẹ̀ náà ni ó ti ń tàsé, ọdún kìíní, ọdún kejì.

“Èmi ni mo ba ibẹ̀ jẹ́ fún ọ,” ni ìyá rẹ̀ wí lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, nígbà tí àìsàn ti sọ ọ́ di fẹ́ẹ́rẹ́.

“Rárá o, Màmá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Ariwo yín ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù.”

Ìyá Onígbàǹjo dìde jókòó. “Ìwọ ọmọ yìí! Gbogbo omi tí mo gbé sẹ́nu, lásán ni?”

“Lásán ni, Màmá.”

“Àti ọ̀dà ògiri mi?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá sùn, kò jí mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Aríhò tún dé ihò kejìdínlógún. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Onífìlà funfun na pátákó rẹ̀ sókè, pápá pa lọ́lọ́. Aríhò nà ró.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dákẹ́.”

Bàbá náà wo pátákó, ó wo ìgbìmọ̀, ó wo àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn. Ó rọra sọ pátákó kalẹ̀, ó wú ikọ́ díẹ̀.

“Lẹ́ẹ̀kan,” ni ó wí.

“Lẹ́ẹ̀mejì!” Oníṣègùn eyín nìyẹn, láti ẹ̀yìn.

“Lẹ́ẹ̀mẹta!” ni gbogbo èrò figbe ta, ọ̀pá sì kan bọ́ọ̀lù, ó yí wọnú ihò.

Ó ti lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ọdún 2018, ìgbìmọ̀ pápá fọwọ́ sí ìwé tuntun, pé Ìyá Onígbàǹjo lè sún mọ́ ihò kejìdínlógún bó bá ti wù ú tó. Ọjọ́ náà ni ó pé ọdún kan àti ọ̀sẹ̀ kan tí ó ti papò dà.