Àfòpiná Àsàbí

Bí ó ti wù kí n pẹ́ láyé tó, n kò ní gbàgbé ọjọ́ tí èmi àti ìyá mi lọ wá àfòpiná ní Basawa, lẹ́bàá Zaria.

Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ni mo ń kọ́ ní Zaria. Mo ti rí àfòpiná kékeré kan tí ìyẹ́ rẹ̀ ní ìlà bíi fàdákà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàpèjúwe irú rẹ̀ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí mo ṣe ṣí àpótí tí mo tọ́jú òkú rẹ̀ gbígbẹ sí, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé e ṣubú, ó sì rún wómúwómú. Ẹyọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn!

Olùkọ́ mi ní, "Bí o kò bá rí òmíràn, a ò lè kọ ohunkóhun."

Mo sunkún délé. Ìyá mi wò mí. "Haba! Ṣé ẹkún ló máa bá ọ wá a?" Ó wé gèlè, ó ṣáájú mi dé oko tí mo ti rí ti àkọ́kọ́ ní Basawa.

A tú òkìtì pòròpórò ọkà bàbà kan tẹ̀ lé òmíràn. Oòrùn pa wá, ewé gbígbẹ ya wá lọ́wọ́, a kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá mi kígbe: "Zo! Wá wò ó! Méjì ni wọ́n!"

Takọtabo ni! Mo yára da ìgò bò wọ́n.

Mo ti kọ àpèjúwe náà tán báyìí. Àsàbí ni mo sọ àfòpiná ọ̀hún, orúkọ ìyá mi.