Kílọ́ọ̀ṣì Jíìpù Ìyá Mi

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ọ̀rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Tó bá gbọ́ tí ọmọṣẹ́ kan ń sọ fún oníbàárà pé ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣe é tún ṣe mọ́, á ní kí onítọ̀hún lọ ta sípánà rẹ̀, kó fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bọ̀ọ̀lì sísun. Lójú tirẹ̀, mẹkáníìkì lè ní òun kò mọ̀ ọ́n ṣe, ó lè ní òun kò rí ẹ̀yà rẹ̀ rà, ṣùgbọ́n "kò ṣe é ṣe" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde lẹ́nu mi rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá mi ni mo sì sọ ọ́ fún.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì gbòde ni. Títì ẹsipirẹ́ẹ̀sì ti gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, àwọn akọ̀wé tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá ti ń fọn fèrè mọ́tò lé wa lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, wà lára wọn. Ìyá wa ní tiwọn ń gbé lóko kòkó ní Omifunfun, wọn kò sì kúrò nínú jíìpù àtijọ́ tí bàbá wa rà lọ́wọ́ agégẹdú kan. Nígbà tí bàbá kú, gbogbo èèyàn rò pé màámi yóò ta jíìpù náà. Kàkà kí wọ́n tà á, wọ́n lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà lórí pápá ilé ìwé, wọ́n wà á wọ inú oko ẹ̀gẹ́ olórí ilé ìwé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń bá ẹ̀kọ́ wọn lọ. Kòkó wọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ aládùúgbò, aboyún tó ń rọbí, jíìpù yẹn ló ń kó gbogbo wọn jáde sí títì. Àwọn ọkùnrin fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí àwọn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè wọ́n létí ọ̀nà.

Wàhálà ibẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì, irin tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ kí gíà tó yí. Ó le débi pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ á kọ́kọ́ di ìjókòó mú. Orúnkún òsì màámi sì ti ń wú, wọ́n ń fi àdí pa á láràárọ̀, a sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Lọ́jọ́ ọjà kan, kó tó dé Òdígbó, ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì, jíìpù kó sí kòtò pẹ̀lú obìnrin mẹ́ta lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fara pa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló fọ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti dé Àkúrẹ́ kí màámi tó pa ìró ẹlẹ́rẹ̀ dà.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi. "Bí màámi bá gbé jíìpù wá, sọ fún wọn pé kò ṣe é tún ṣe mọ́. Ìwọ nìkan ni wọ́n máa gbà gbọ́. Àbí o fẹ́ ká lọ gbé òkú wọn nínú kòtò ni?"

Mo fẹ́ bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo ní, "Mo ti gbọ́, bọ̀ọ̀dá."

Nígbà tí màámi dé, mo wọ abẹ́ jíìpù, mo gbá irin díẹ̀ kó lè dà bíi pé mo ń ṣiṣẹ́. Mo jáde, mo nu ọwọ́ mi. "Màámi, kò ṣe é tún ṣe mọ́."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n wo jíìpù, wọ́n wo èmi. "Ọkọ̀ ni, àbí èmi?"

Mo tún ń nu ọwọ́ tó ti mọ́.

"Bó bá jẹ́ èmi ni, sọ ọ́. Èmi ni mo bí yín, mo lè gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n má ṣe purọ́ mọ́ irin."

Ojú tì mí débi pé mo ń wá ibi tí ilẹ̀ ti máa lanu. Mo jẹ́wọ́ pé bọ̀ọ̀dá ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀, àti pé ọkọ̀ náà ṣe é ṣe. Wọ́n dìde, wọ́n tún ìró ró. "Ó dáa, tún un ṣe. Ṣe é bí ẹni pé ẹsẹ̀ yìí kò ní dára mọ́ láéláé."

Iṣẹ́ tó tóbi jù tí ẹnikẹ́ni gbé fún mi rí nìyẹn. Láti ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ara gíábọ́ọ̀sì, ọ̀pá irin méjì ló ń gbé iṣẹ́ fún ara wọn, tí wọ́n á wá fa apá irin kúkurú kan. Mo ronú pé bí apá yẹn bá gùn sí i, yóò rọrùn láti tẹ̀, gẹ́gẹ́ bí igi gígùn ṣe ń gbé òkúta ju kúkurú lọ. Mo fi iná jó irin mọ́ ọn kó lè gùn. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó rọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo bá ṣáná sí ọkọ̀, mo fi sí gíà. Gíà pariwo, jíìpù fò, ó gbá bẹ́ǹṣì tèmi fúnra mi dànù.

Bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀, tó ń fi iná jó irin níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ọma, ọghọ́ ẹ yá ju orí ẹ lọ!" Ó ní ọwọ́ mi ti ṣáájú làákàyè mi. Ó fà mí wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi ìka mi kan ojú ihò tí àwọn ọ̀pá irin ti so kọ́ra. Ihò tó yẹ kó rí roboto ti jẹ, ó ti di gbọọrọ bí ẹyin. Àárín ihò wọ̀nyẹn ni ìdajì títẹ̀ tí ìyá mi ń tẹ̀ ń ṣòfò sí kí irin kankan tó mira. Apá tó gùn máa ń gba díẹ̀ lára ìrìn irin kó tó fúnni ní ìrọ̀rùn, àwọn ihò náà sì ti jẹ ìyókù tán; ìdí nìyẹn tí kílọ́ọ̀ṣì kò fi tú gíà sílẹ̀ tí jíìpù fi fò. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìyá mi fi ń fi orúnkún tó ń dùn wọ́n ti òfìfo. Nígbà tí mo rò ó dé ibẹ̀, inú bí mi sí ara mi, torí mo ti wọ abẹ́ ọkọ̀ yẹn láìmọye ìgbà láti pààrọ̀ ọ́ìlì.

Nínú òkú ọkọ̀ agbégilódò kan lójú títì, a rí idẹ tó nípọn. Bàbá náà bá mi gbẹ́ ẹ sí òrùka kéékèèké, a kì wọ́n sínú gbogbo ihò, mo ṣe píìnì tuntun tó bá wọn mu ṣinṣin. Lẹ́yìn náà ni mo tó dá apá gígùn padà síbẹ̀, mo sì wọn gígùn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Màámi wọlé, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọn ò fún ètè pọ̀ nítorí ìrora. "Ìwọ ọmọ yìí," wọ́n wí, "ó kù díẹ̀ kó o sọ mí di arúgbó." Wọ́n wà á lọ sí Òdígbó, wọ́n sì wà á padà. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin.

Ìkórè kòkó méjì ni wọ́n tún fi wà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n sin àwọn délé. Mo rò pé nǹkan kan bàjẹ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n yí lọ sí ilẹ̀kùn kejì, wọ́n wọlé síbẹ̀.

"Àgùntàn kan sáré wọ ọ̀nà lánàá," wọ́n wí. "Mi ò gbá a. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi pẹ́ kó tó dé búréèkì. Ẹnikẹ́ni ò rí i, èmi rí i. Máa wà á lọ."

Mo wọlé sí ìjókòó awakọ̀. A kọrí sí Omifunfun. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ yí gíà, ẹsẹ̀ òsì wọn á tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo wà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí a fi délé, n kò sì yí gíà kankan lọ́jọ́ náà kí ẹsẹ̀ wọn tó tẹ̀ ẹ́.