Ẹjọ́ Tí Mo Rò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Màmá

Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, orúkọ ọ̀hún sì dùn mọ́ mi ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ. Ní kíláàsì ìwà tó yẹ nọ́ọ̀sì, bí olùkọ́ wa bá ti ní, "Ẹ jẹ́ ká ní aláìsàn kọ̀ oògùn ńkọ́?", kí wọ́n tó panu dé, mo ti dìde. Ìyá mi, tó jẹ́ télọ̀, máa ń sọ pé ká ní aṣọ ni ọ̀rọ̀ ẹnu mi, àwọn ì bá rán an fún gbogbo àdúgbò, yóò sì tún ṣẹ́kù.

Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n dá gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, màmá àgbàlagbà kan ló kàn mí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lẹ́sẹ̀, ìdí ni abẹ́rẹ́ náà sì máa wọ̀. Ọkọ ọmọ wọn jókòó tì wọ́n nínú yàrá, ó ń ka ìwé ìròyìn. Bí mo ṣe gbé àwo abẹ́rẹ́ dé, màmá náà mi orí, wọ́n fọwọ́ méjèèjì di aṣọ ìbora mú.

"Nọ́ọ̀sì, mi ò fẹ́."

Inú mi dùn dénú egungun. Ohun tí mo ti ń retí rèé!

"Màmá, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́."

Ọkọ ọmọ wọn fò dìde. "Ẹ̀tọ́ kẹ̀? Ẹ gún wọn, jàre!"

"Rárá o, sà. Ara wọn ni, kì í ṣe tiyín."

Bí ẹjọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo sọ̀rọ̀ òmìnira, mo sọ̀rọ̀ iyì ọmọnìyàn, mo ń na ìka sókè. Bí mo ṣe ń rò ó ni bọ̀dá yìí ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé òun ò kúrò níbẹ̀ àfi tí màmá bá gbabẹ́rẹ́. Màmá ń wò mí bí èrò tí dẹ́rẹ́bà gbé kọjá ibi tó fẹ́ sọ̀. Èmi rò pé wọ́n ń kan sáárá sí mi ni.

Ariwo wa ló gbé nọ́ọ̀sì àgbà wọlé. Wọ́n wò mí, wọ́n wo bọ̀dá, wọ́n wo ọwọ́ màmá lára aṣọ.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúró síta díẹ̀."

Ilẹ̀kùn ò tíì padé tán tí màmá ti yíjú sógiri, tí wọ́n kọ ìdí sí mi.

"Ṣé iwájú àna mi ni kí n ti ṣíṣọ lára ni?"

Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá bọ́ sínú ẹ̀. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Lójú ẹ̀? Ìgbà wo lo tiẹ̀ bi mí? Ọmọ mi, o mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣé o mọ abẹ́rẹ́ gún?"

Mo mú abẹ́rẹ́, mo gún wọn. Wọ́n ní kò dun àwọn tó ẹjọ́ mi.

Mo lọ ṣàlàyé fún bọ̀dá níta, mo sì bẹ̀ ẹ́. Òun náà ti gbá orí mú: "Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ bí aṣọ́bodè ńkọ́!"

Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ ní kíláàsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, olùkọ́ wa sì sọ ọ́ di ìbéèrè ìdánwò. Gbogbo kíláàsì ló yege, àfi èmi tí mo ni ìtàn. Ẹ̀tọ́ ọkọ ọmọ ni mo ṣì ń ṣàlàyé, mi ò tíì dórí ti màmá, nígbà tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi, ni mo bá fìdí rẹmi.