Ìbọn Tí Kò Fara Ti Èjìká

Òórùn igi apá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọyẹ́ ní Tẹ̀dé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá mi ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́, èèkù ọ̀bẹ àti ìdí ìbọn fún àwọn ọdẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé, ó kí wa dáadáa, ó sì yọ ìbọn ìléwọ́ kan jáde nínú àpò ìrẹsì. Irin lásán ni, kò ní èèkù. Ó ní ọdẹ lòun, láti apá Komu. Bàbá mi bi í pé ẹran wo ló fẹ́ fi pa. Ó rẹ́rìn-ín.

"Èyí tó bá gba ojú títì kọjá ni, Bàbá Rìsíkátù."

Ìyá mi tí wọ́n ń sá èlùbọ́ sórí àpáta dáwọ́ dúró. Lọ́dún yẹn, adigunjalè ń dá ọkọ̀ dúró lọ́nà Ṣakí. Ojú ìyá mi ni mo wò tí mo fi mọ̀ pé ewu ti wọlé tọ̀ wá.

Bàbá mi ṣe bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo oníbàárà: wọ́n bu amọ̀ tútù fún un kó dì mú, kí wọ́n lè gbẹ́ igi tẹ̀ lé ojú ìka rẹ̀. Wọ́n ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi rí. Ìbọn ọdẹ ń fara ti èjìká, àmọ́ ọrùn ọwọ́ nìkan ni ìbọn ìléwọ́ gbójú lé. Bí èèkù rẹ̀ bá dúró ṣánṣán jù, ẹnu ìbọn á máa wolẹ̀. Bó bá tẹ̀ sẹ́yìn jù, á máa wo òkè. Èyí tó sanra jù, ìka kò ní ká a. Èyí tó tín-ín-rín jù á yí lọ́wọ́ nígbà tó bá dún. Èyí tó bá ọwọ́ mu, bí ìgbà téèyàn na ìka sí nǹkan ló rí. "Irinṣẹ́ tó bá ọwọ́ mu kì í jẹ́ kí ọwọ́ ronú," ni wọ́n máa ń sọ.

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ti ọkùnrin náà ṣánṣán, bóyá yóò sú u, kó gbé e lọ síbòmíràn. Nígbà tó padà wá, ó dì í mú, ó na ọwọ́, ẹnu ìbọn wolẹ̀.

"Ọwọ́ mi lẹ wọ̀n ni, àbí ti ìyàwó yín?"

Ó ní kí wọ́n tún un gbẹ́ kó tó di ọjọ́ ọjà. Bó ti ń lọ, ó wò mí, ó ní òun mọ ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sílé ìwé.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń sìn mí lọ sílé ìwé, tàwọn ti ọmọ odó lọ́wọ́. Nígbà tó yá, bàbá mi lọ bá olórí ọdẹ. Bàbá arúgbó náà bínú pé kí ló dé tí wọ́n fi dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rù. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn ọdẹ jókòó síwájú ilé wa, wọ́n ń nu ìbọn. Bí ọkùnrin náà ti yọ, olórí ọdẹ bi í léèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ìbọn tiwa ń fara ti èjìká. Tìrẹ ńkọ́, èjìká ta ló ń fara tì?"

Àwọn ọdẹ mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ṣùgbọ́n ó ní ẹgbẹ́ méjì tí ọwọ́ kò tíì tẹ̀. Bí ọ̀kadà kan bá rọra ń kọjá níwájú ilé wa, ọ̀bẹ á bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, kí olórí ọdẹ tó wá sọ pé wọ́n ti mú àwọn yòókù nítòsí ẹnubodè. Bàbá mi ní, "Alihamudulilai." Wọ́n yíjú sí mi.

"Rìsíkátù, máa dá lọ."

Mo sáré lọ, mi ò bojú wẹ̀yìn.

Mo ti dàgbà báyìí, Ṣakí ni mo ń gbé. Ó ti pẹ́ tí mo ti dé oko mi gbẹ̀yìn, nítorí àwọn ajínigbé. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bi awakọ̀ bí ọ̀nà ti rí. Ọmọ tó sáré lọ́jọ́ yẹn gbà pé bí bàbá òun bá ti ní kí òun máa lọ, ọ̀nà ti dára nìyẹn. Èmi kò mọ ẹni tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́, tí n óò gbà á gbọ́.