Ewé Tútù Nínú Yìnyín

Ìdánwò ìṣirò la ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn kọ́kọ́ dún. Tíṣà wa ní kí ẹnikẹ́ni má gbójú sókè. Nígbà tí ìkejì dún, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sá jáde. Ìlú wa àti ìlú tó múlé tì wá ti kọjú ìjà síra wọn. A ò wọ kíláàsì yẹn mọ́.

Èmi àti ìyá mi sá pamọ́ sínú ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí, létí oko. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Nígbà tí gààrí tán, ìyá mi gbin gbúre sẹ́yìn ògiri. Omi tí a fi wẹsẹ̀ ló ń bu sí i. Gbogbo àyíká gbẹ, gbúre wa nìkan ló tutù, òun ló sì tú wa fó. Àwọn tó ń kọjá rí i, wọ́n mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Wọ́n lu ìyá mi. Etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ràn mọ́ títí tó fi kú.

Ní Matteson, lókè òkun, níbi tí èmi àti Màríámù ọmọ mi nìkan ń gbé, mo ń gbin ẹ̀fọ́ sábẹ́ ọ̀rá ní ìgbà yìnyín, lẹ́yìn gáréèjì, níbi tí ojú títì kò dé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Miss Loretta, ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, yọjú lórí ọgbà.

"Ọmọ mi, ẹ̀fọ́ nínú òtútù yìí! Ṣé ewúrẹ́ lò ń sìn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ta ló sọ fún un pé ẹ̀fọ́ wà lábẹ́ ọ̀rá?

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fún wọn díẹ̀," Màríámù wí.

"Wọlé."

"Ẹ̀fọ́ lásán, Mọ́mì! Ẹ̀ ń bẹ̀rù ẹ̀fọ́?"

Bí mo bá kọ̀, ó lè bínú sí wa. Mo já díẹ̀ sínú abọ́, mo gbé e fún Màríámù.

"Ẹnu ọ̀nà ni kó o dúró. Má wọlé wọn."

Mo dúró ní ojú fèrèsé. Ọkọ̀ kankan kò kọjá, yìnyín sì ti gbé gbogbo ariwo mì. Bí ìlú wa ṣe dákẹ́ nìyẹn lọ́jọ́ tí ìbọn dáwọ́ dúró.

Màríámù padà dé.

"Wọ́n ní ẹ ṣeun."

"Kí ni wọ́n bi ọ́?"

"Wọ́n ní àwa mélòó là ń gbé inú ilé."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní a pọ̀ gan-an. Mo ní mo ní bọ̀dá méjì, sójà ni wọ́n."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó lọ sí yàrá. N kò tíì sọ̀rọ̀ ogun náà létí rẹ̀ rí.