Ọjọ́ Tí A Kí Depité Kú Ọ̀fọ̀ Ara Rẹ̀

Ọdún tí wọ́n ń tẹ́ òkúta sí ojú ọ̀nà Djègan-Kpèvi, àdúgbò wa ní Porto-Novo, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí eruku kò jẹ́ kí a mọ ẹni tó dọ̀tí yàtọ̀ sí ẹni tó mọ́. Eruku náà yẹ àwọn aláṣẹ wa gan-an. Ìyá Olùkọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ nínú sẹ́ńdíkà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, kì í fẹ̀yìn tì nínú ìjà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí léèrè ìtàn náà nítorí ẹ̀rín tó wà nínú rẹ̀. Lóòótọ́, mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń rín in.

Múfútàù ni gbogbo rẹ̀ dá lé lórí, ọmọ Ìyá Múfú tó ń ta èédú. Aránṣọ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ níwèé nígbà tó wà ní kékeré. Ìṣirò kò yé e rárá, ṣùgbọ́n kò lè rí ìrẹ́jẹ kó dákẹ́. Ó lọ wá iṣẹ́ ṣe ní orílẹ̀-èdè kan tó jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi dìbò, tí àwọn tó ń ṣèjọba ibẹ̀ sì gbé ìbò náà jẹ lójú gbogbo ayé. Àwọn aráàlú tú jáde. Múfú bá àwọn oníbàárà rẹ̀ jáde, ọlọ́pàá kó wọn, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n.

Bí ìròyìn náà ṣe dé ilé ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò. Àwọn kan ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, kí ló wá gbé ọmọ wa dé inú ìṣèlú ilẹ̀ onílẹ̀? Àwọn kan ní orúkọ rẹ̀ jọ ti ará Nàìjíríà, kí Nàìjíríà lọ gbà á. Ẹ gbọ́ mi! Àwa Nàgó Porto-Novo, tí wọ́n sin àwọn baba ńlá wa sí ìyẹ̀wù ilé níbí kí ẹnikẹ́ni tó wá fa ààlà! Bí ọjọ́ ìbò bá pé, ojúlówó ọmọ ìlú ni wá. Bí wàhálà bá dé, wọ́n á ní ká máa lọ sí Nàìjíríà. Wọ́n ń jiyàn orúkọ, ọmọ ń jìyà lẹ́wọ̀n. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n làpálàpá ni àwọn ọlọ́gbọ́n orí rédíò wa mọ̀ ọ́n pa.

Ìyá Múfú pe àwọn àfáà kí wọ́n wá gbàdúrà kí Ọlọ́run yọ ọmọ òun. Ọjọ́ Sátidé ni. Wọ́n ta báàṣì, tápólì ńlá tí a fi ń ṣe ìbòji, sí ojú títì, wọ́n to àga, gbogbo wa wọ funfun. Ẹ̀yin náà mọ ìlú wa. Bí ẹ bá rí báàṣì lọ́jọ́ Sátidé, òkú ni ọkàn yín máa kọ́kọ́ lọ sí. Àwọn aṣòfin wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti abẹ́ báàṣì kan sí òmíràn ni wọ́n ń kí ará ọ̀fọ̀ kiri, torí ibẹ̀ ni èrò wà. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe tọkàntọkàn tó bẹ́ẹ̀.

Bí aṣòfin àdúgbò wa ṣe dé nìyẹn, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Depité. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó gba makirofóònù lọ́wọ́ àfáà, oníròyìn rédíò tó ń tẹ̀ lé e kiri na tirẹ̀ náà sí i lẹ́nu.

"Ẹ̀yin ẹbí, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni rere ló lọ. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ."

"Àmín!" ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ké.

Ìyá Múfú dìde. "Depité, ọmọ mi ò kú o! Ẹ̀wọ̀n ló wà!"

Ó rọra fọwọ́ lu ìyá náà léjìká. "Ẹ mú un mọ́ra, Màmá. Awáyé-má-kú ò sí."

Ó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó kọrí sí Avrankou, níbi tí báàṣì mìíràn ti ń dúró dè é.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, à bá fi ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, rédíò ní ẹbí Múfútàù ti ṣe fídáù rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la gbọ́ pé olórí orílẹ̀-èdè tó tì í mọ́lé fẹ́ ṣe ọdún ọjọ́ tó gorí àlééfà, àti pé ẹlẹ́wọ̀n èyíkéyìí tó jẹ́ àlejò, tí ìjọba ilé rẹ̀ bá béèrè fún kí ọdún náà tó dé, wọn yóò tú u sílẹ̀. Èmi àti Ìyá Múfú sáré lọ sí bírò ìjọba. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí táì fẹ́ fún lọ́rùn pa ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀. Faransé ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rí i pé mo gbọ́ ọ jù ú lọ, ó padà sí èdè ìyá rẹ̀.

"Màmá, a ti pa dosié ọ̀rọ̀ ọmọ yín dé, a ti kó ìwé rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe fídáù."

"Ta ló sọ fún ọ?" ni mo bi í.

"Rédíò."

"Ìyá tó bí i nìyí. Ó ní ọmọ òun wà láàyè."

"Kó mú ìwé ẹ̀rí ìyè rẹ̀ wá nígbà náà."

Àwa tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì mọ ìwé yẹn. Ìwọ fúnra rẹ lo máa gbé ojú rẹ lọ, kí wọ́n rí i pé o ṣì ń mí, kí wọ́n tó fún ọ.

Mo ní, "Ẹlẹ́wọ̀n ni kó wá fojú hàn ní bírò yín?"

"Òfin ni, Màmá."

Mo ti rí òmùgọ̀ púpọ̀ láyé mi. Èyí tó kàwé ló burú jù.

Nígbà tí a padà dé ojú ọ̀nà ilé, Ìyá Múfú dúró. Ó wá ní, "Ìyá Olùkọ́, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Báàṣì yẹn ṣì wà nílẹ̀, àbí?"

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ta báàṣì sí iwájú ilé Depité ní Dowa. Àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn eléèédú, gbogbo wa wọ funfun, a jókòó. Ìyàwó Depité yọ jáde.

"Ta ló kú?"

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ ọkọ yín o," ni mo dá a lóhùn. "Ẹni rere kọ́ ló lọ, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run gbìyànjú, kó fi àlùjánnà kẹ́ ẹ."

Ó ké, ó káwọ́ lérí. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé, àwọn mìíràn ti ń sunkún ní tòótọ́. Oníròyìn ọjọ́sí náà dé. Báàṣì kì í fò ó. Níkẹyìn Depité fúnra rẹ̀ já síta pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Èmi rè é! Mi ò kú! Ṣé orí yín dà rú ni?"

Ìyá Múfú sún mọ́ ọn, ó rọra fọwọ́ lù ú léjìká. "Ẹ mú un mọ́ra, Depité. Awáyé-má-kú ò sí."

"Ìwé ẹ̀rí ìyè yín dà?" ni èmi náà béèrè.

Gbogbo Dowa bú sẹ́rìn-ín. Rédíò gbé e sáfẹ́fẹ́, ìjọba sì wá rántí lójijì pé òun ní ọmọ kan lẹ́wọ̀n. Wọ́n rán aṣojú lọ. Ó bá Múfú láàyè, ó ti rù hangogo. Ṣùgbọ́n ọdún náà ti kọjá kí aṣojú wa tó dé. Àwọn tó tì í mọ́lé ní ó ti pẹ́ jù.

Wọ́n jẹ́ kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, èmi náà sì gbọ́ ọ. "Ìyá mi, àwọn tí a jọ wà níbí ti lọ sílé. Wọ́n ń pe orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan, mo sì dìde dúró, mò ń retí kí wọ́n pe tiwa." Ìyá Múfú fún mi ní fóònù náà, ó wọ yàrá lọ. Mo sunkún, n kò ní í purọ́ fún yín.

Kí la jèrè? Kò sẹ́ni tó tún gbójú lórí rédíò láti pè é ní ará Nàìjíríà. Ìjọba fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ wa ni. Ohun tí a sì pàdánù ni ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, tí ẹnì kankan nínú àwa tó ni ín kò pè é. Ọwọ́ ọkùnrin kan tí kò lè béèrè ẹni tó kú kó tó kí ará ọ̀fọ̀ ló ti bọ́. Bí ènìyàn bá ṣèèṣì kí ìyá kú ọ̀fọ̀ ọmọ tó wà láàyè, ó yẹ kó padà wá bẹ̀bẹ̀. Depité kò wá. Múfú ṣì wà lẹ́wọ̀n títí di òní.

Ìbò tún ti ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Depité gbé fìlà àti ìrẹsì wá sí Djègan-Kpèvi, wọ́n ní ọ̀gá àwọn ní kí àwọn wá kí Màmá. Ìyá Múfú ń di èédú sínú àpò. Kò gbójú sókè.

"Ẹ gbé ẹrù yín," ó ní. "Ẹ sọ fún un pé Múfú ló ni ìbò ilé yìí. Kó lọ tọrọ ìbò náà lọ́wọ́ rẹ̀, níbi tó wà."